Ọdún Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Nídìí Ojú Tata

Bí ẹ bá bi ọmọdé ní ìlú wa pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe, á ní dókítà, á ní lọ́yà, á ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ ní báǹkì. N kò tíì gbọ́ èyí tó ní òun fẹ́ máa ṣèwádìí ohun tí tata ń rí. Èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe nìyẹn, kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, tí ẹ kò tíì mọ ọ̀nà tí ẹ máa yà sí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ ìlú Òsì ní Èkìtì ni mí. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, kò sí owó láti tẹ̀síwájú. Ilé ìwádìí kan wà lẹ́yìn ìlú Ìkọ̀lé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìpáò, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú kòkòrò. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n a máa ń rí i gbà. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀.

Olórí ilé ìwádìí náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìpáò, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í gbàgbé nǹkan. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá kiri ni bí tata ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ wá bá òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ojú tata kì í ṣe ojú kan. Bí ẹ bá wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ máa rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú kéékèèké tó tò jọ bí afárá oyin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wo ibi tirẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn wọn, nínú ọpọlọ, ni àwọn okùn wà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ara wọn láti ìpele dé ìpele. Ìpele àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ohun tó dúró sójú kan sí. Ohun tó bá yí padà ló máa ń sọ: ibí ti ṣókùnkùn, ibí ti mọ́lẹ̀. Ìpele tó tẹ̀ lé e ń fi ohun tí ojú kan rí wé ohun tí aládùúgbò rẹ̀ rí lẹ́yìn náà. Bí òjìji bá kúrò níwájú èyí tó bọ́ síwájú èkejì, á jẹ́ pé nǹkan ń rìn. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà tó na ẹ̀ka bí abẹ̀bẹ̀, tó ń kó ìròyìn gbogbo ojú náà jọ. Bí nǹkan bá ń tóbi sí i kíákíá, bíi ti ẹyẹ tó ń já bọ̀, sẹ́ẹ̀lì yìí á ránṣẹ́ gba ọrùn lọ sí ẹsẹ̀, tata á sì fò. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Sẹ́ẹ̀lì yẹn ni à ń tẹ́tí sí.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà tí a fi ń tẹ́tí sí i. Ewé ẹ̀gẹ́ ni mo ń já ní oko kan ní ìlú Àsin, tí mo ń gbé wá lórí kẹ̀kẹ́ kí oòrùn tó mú un rọ. Mo ń fọ àgò àwọn tata, mo ń wá ẹyin wọn nínú iyanrìn. Ó fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní yàrá náà ni kí n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú aago: bí yàrá ṣe gbóná tó, ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde. Ó ní bí ajá bá gba ibẹ̀ kọjá, kí n kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ pé àwọn tata ń ṣe dáadáa. Ọ̀gá fi bírò fa ìlà lé e.

“Dáadáa wo? Ṣé wọ́n wá kí ọ ni?”

“Rárá, sà. Wọ́n jẹun ni.”

“Ewé mélòó?”

N kò mọ̀. Ó ní kí n padà lọ kà á. Láti ọjọ́ náà, n kò kọ “dáadáa” sínú ìwé kankan mọ́.

Nígbà tí ó wá gbà mí láyè, tata mẹ́tàdínlógún ló kú sí mi lọ́wọ́. A máa ń fi ìda oyin dì í mọ́ pákó kékeré, àyà rẹ̀ sókè, a ó ṣí ọrùn rẹ̀ díẹ̀, a ó sì fi wáyà fàdákà tó ní ìkọ́ gbé okùn iṣan tó gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ó já nìyẹn. Ọ̀gá kì í bú mi. Á gbé òkú tata náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, á ní kí n wá ibi tí ọwọ́ mi ti yà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ní ibòmíràn, òwe ni. Ní tiwa, iṣẹ́ oòjọ́ ni. Èyí tó ṣe ìkejìdínlógún, mo so wáyà mọ́ ẹ̀rọ, mo ju ọwọ́ níwájú rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ nínú sípíkà: ká-ká-ká-ká, bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. N kò lè ṣàlàyé ayọ̀ ọjọ́ náà fún yín. Ìyá mi bi mí pé ṣé tata ló ń sọ̀rọ̀ tí mo fi ń yọ̀ báyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọdún kẹta mi ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè kejì ni, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Yàrá kan náà ni a jọ ń gbé nílùú Ìkọ̀lé, a jọ ń dáná. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun sì ni àkọ́bí. Ilé ìwé kan lókè òkun ti gbà á pé kó máa bọ̀ wá ṣe oyè dókítà, kìkì pé kó parí ìwé ìwádìí rẹ̀ kó sì fi í ránṣẹ́ ní àsìkò. Gbogbo ìdílé rẹ̀ ló ń wo ọ̀nà náà.

Iṣẹ́ tirẹ̀ rọrùn láti sọ. Bọ́ọ̀lù dúdú kan wà lórí irin gbọọrọ tí a lè tì kó sáré bọ̀ wá sí ojú tata. Tata kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí bọ́ọ̀lù náà, a ò tún ní lò ó mọ́, nítorí nǹkan máa ń tètè sú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ohun tó bá ti rí léraléra láìfarapa, kì í dá a lóhùn mọ́. A mọ ìyẹn dáadáa, a sì ń ṣọ́ra fún un.

Ohun tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ rí yà wá lẹ́nu. Tata ti ọ̀sán ń pariwo. Tata ti àárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Àkókò ọyẹ́ ni, a sì rò pé òtútù ni. Ó gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ tata kí ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ti àárọ̀ ṣì ń kùn ni. Ọ̀gá wá sọ pé bóyá ọpọlọ tata ní aago tirẹ̀, tó máa ń dín ìríran kù láàárọ̀. Oṣù mẹ́fà ni a fi ń ṣe é, ó sì ń jáde bákan náà. Ọ̀gá, tí kì í yin ènìyàn, sọ ọ́ fún àlejò méjì níṣojú mi.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọkọ̀ Ọ̀gá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tó dé ẹnu géètì. Ìta níbẹ̀ ni èmi àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti lọ kí i, a bá a tì í wọlé. Lẹ́yìn náà a wọ yàrá, a tì bọ́ọ̀lù, tata àárọ̀ yẹn sì pariwo bíi ti ọ̀sán. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní òun máa yọ ọ́ kúrò, pé ọ̀kan kì í ba ọgọ́rùn-ún jẹ́. Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi kò lè gbà á kúrò lọ́kàn. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi láti ẹ̀yìn wá. Mo rí òwúrọ̀ méjì mìíràn tí tata ti pariwo, tí wọ́n ti yọ wọ́n kúrò bákan náà. Ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ tí Ọ̀gá lọ sìnkú ní Ìpáò, tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ dá ṣiṣẹ́. Ìkejì jẹ́ ọjọ́ tí eéwo mú mi lórúnkún. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò lè kúnlẹ̀, mo kí Ọ̀gá láti orí àga lẹ́yìn àgò, Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò sì dé títí a fi ṣe tán.

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ọ̀gá kì í fi ìkíni ṣeré. Bó bá wọlé láàárọ̀, màá kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì. Á bi mí léèrè màmá mi, màá dìde díẹ̀, màá tún kúnlẹ̀ láti sọ pé wọ́n ń kí i. Á béèrè àwọn àbúrò mi. Àǹtí Bọ́sẹ̀ á wọlé, òun náà á kúnlẹ̀, Ọ̀gá á béèrè màmá tirẹ̀. Lẹ́yìn náà Ọ̀gá á jókòó, á tan ẹ̀rọ, a ó sì tì bọ́ọ̀lù. Lọ́sàn-án, a ti kí ara wa tán. Gbogbo ìgbà tí à ń kúnlẹ̀ tí à ń dìde yìí, tata ti wà lórí tábìlì, ẹnu ọ̀nà ni ojú rẹ̀ ń wò, sípíkà kò tíì sí ní títàn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo di tata kan mọ́ pákó, mo tan sípíkà, mo kúnlẹ̀ fún àga òfìfo. Ká-ká-ká-ká. Mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Ó dínkù. Ní ìgbà kẹrin, kẹ́kẹ́ pa. Mo tì bọ́ọ̀lù, sẹ́ẹ̀lì náà dáhùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Tata kò fọ́jú láàárọ̀. Àwa ni a ti fi ìkíni sú u kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun láti Kátólíìkì, èmi láti Áńgílíkà, à ń bẹ iṣu.

“Dúpẹ́, ìkúnlẹ̀ wo?”

“Èyí tí à ń kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé kí n wá kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹ̀kọ́ ilé ló ba iṣẹ́ mi jẹ́?”

Mo nawọ́ ìwé àkọsílẹ̀ sí i. Ó kà á tán, ó tún kà á, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ta lo ti sọ fún?”

“Ẹ̀yin nìkan.”

“Jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Bí mo bá ti dé ọ̀hún, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ rí i. Dúpẹ́, mo bẹ̀ ọ́.”

Àgbà ni, òun ló sì ń bẹ̀ mí. Mo mú ọ̀bẹ tó fi sílẹ̀, mo bẹ iṣu tó kù.

Ọjọ́ Ajé kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Ẹ̀rù ń bà mí fún un, ó ń bà mí fún ara mi pẹ̀lú. Ta ni èmi oníwèé mẹ́wàá tí màá sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ó ṣìṣe, pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un gan-an ni àṣìṣe náà? Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ mi, òtítọ́ ló sì wà níbẹ̀. Ní Ọjọ́rú mo sọ fún Ọ̀gá pé mo fẹ́ fi nǹkan hàn án.

“Fi hàn. Má sọ.”

Mo tan sípíkà, mo kúnlẹ̀ nígbà mẹ́rin bí mo ti ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, mo tì bọ́ọ̀lù. Mo gbé tata kejì wá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo tì bọ́ọ̀lù. Ariwo rẹ̀ gba yàrá. Ọ̀gá gba ìwé àkọsílẹ̀, ó ṣí i láti ojú ewé dé ojú ewé, ó pẹ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bọ́sẹ̀, o mọ̀?”

“Mo mọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, sà.”

N kò rò pé ó máa sọ ọ́. Ó lè ní òun kò mọ̀, n kò ní tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀gá jókòó. “Èmi ni mo ń béèrè màmá gbogbo yín lójoojúmọ́,” ó ní. “Ẹ̀bi mi ni.” Ó kó àwọn bébà oṣù mẹ́fà náà sínú páálí, ó fi okùn dì í. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. “Ọjọ́ wo ni ìwọ mọ̀?”

“Ọjọ́ Ẹtì, sà.”

“Òní ni Ọjọ́rú. Ọjọ́ márùn-ún. Uṣẹ́ kì í dúró de ẹni tó ń bẹ̀rù.”

Ó dá mi padà sí ewé ẹ̀gẹ́ jíjá fún oṣù kan. Wáyà di ohun tí mo ń wò láti ojú fèrèsé.

Láti ìgbà náà, Ọ̀gá fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí kọ́rídọ̀. Ẹ̀yìn ìlà ni ìkíni ń parí sí. Ẹni tó bá wọ yàrá kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá obìnrin wá láti Ìpáò lọ́jọ́ kan, ó bá mi ní ìdúró nínú yàrá, mo kí i láìtẹ orúnkún. Ó bi mí bóyá igbó ni wọ́n ti bí mi. Ó délé, ó ròyìn, ni wọ́n bá ń pe ibi iṣẹ́ wa ní “ulé tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún tata ju àgbà lọ.” Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi ní ọjà títí ó fi sú wọn.

Àyè Àǹtí Bọ́sẹ̀ lókè òkun bọ́. Wọn kò lè dúró dè é. Ó kó kúrò ní yàrá wa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọdún kan ló fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Èmi ni mo ń di tata mọ́ pákó fún un, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la sì ń bá ara wa sọ: “Ó ti wà nílẹ̀.” “Tì í.” Ohun tó wá kọ ìwé lé lórí ni bí nǹkan ṣe ń sú sẹ́ẹ̀lì náà, àti bí ó ti ń pẹ́ tó kí ó tó jí padà. Ìwé náà dára. Ó gba oyè rẹ̀, ó lọ ṣe oyè dókítà níbòmíràn, kò dágbére fún mi.

Iṣẹ́ kò dúró. Ẹ̀rọ tó ń fi íǹkì fa ìlà sórí bébà gbọọrọ kógbá wọlé, kọ̀ǹpútà gba ipò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù orí irin náà lọ. Àwòrán róbótó tó ń tóbi lójú tẹlifísàn ló kù, kò sì sí pé ọwọ́ ẹnì kan tì í kíákíá, ti ẹlòmíràn falẹ̀. Mo kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí mo ti bí ọmọ méjì. Ó ni mí lára, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. N kò fi ìwé àkọsílẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ ohun tí tata sọ, kò mọ ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ lọ, Ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ fún wa pé Dókítà Bọ́sẹ̀ ló ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìkàwé, mo fi í sínú àpò mi, mo ń dúró de ọjọ́ tí yóò béèrè mi.

Ó dé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi ló ń kà, láti èyí tó fi sílẹ̀ dé èyí tó wà lórí tábìlì. Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí.

“O ṣì ń kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Má pè mí ní mà, Dúpẹ́.” Ó pa ìwé náà dé. “Inú ṣì ń bí mi sí ọ díẹ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ níbi tí mo ti ń bọ̀, mo rí ọkùnrin kan tí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá rẹ̀ wó lulẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tó ti wọ́ wà nítòsí rẹ̀, ó dákẹ́. Ní ibí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní fi ìwé ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé o ti ka àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bó bá wọ́, sọ ọ́. Bó bá jẹ́ tèmi, sọ ọ́.”

Mo fi lẹ́tà inú àpò mi dáná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

A jọ ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó kó eṣinṣin kéékèèké wá, irú èyí tó ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí a lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọn máa tàn nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń gbọ́ létí tẹ́lẹ̀ di ohun tí à ń fojú rí. Nísinsìnyí àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán gbogbo okùn tó wà nínú ọpọlọ eṣinṣin bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ èkejì. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwa kò dé.

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ayé yóò fi mọ orúkọ yín, ẹ kọjá lọ. Orúkọ mi kò sí lẹ́yìn ìwé kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè jókòó, bí ẹ bá lè ka ewé, bí ẹ bá lè kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kódà nígbà tí kò wu ẹnikẹ́ni láti kà á, iṣẹ́ yìí yóò gbà yín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀, lẹ́yìn tó ti di ọ̀gá mi, pé iṣẹ́ tirẹ̀ wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ó bá mi jiyàn títí di ọ̀sán. Nígbà kejì, ó kàn bi mí pé ojú ewé wo ni.